Bẹ́rínì Ìdí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì bọ́dà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ, òun náà ni bàbá mi fi ń bá mi wí. Nítorí náà, nígbà tí mo ń bọ̀ ní Ṣágámù, mi ò rò ó rárá pé òkèèrè ni mò ń lọ. Mo rò pé yàrá kejì nínú ilé kan náà ni. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ojú tèmi wà ní gbangba, àmọ́ ohun tí mo rí kò tó nǹkan.

Ọjọ́ kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni Ọ̀gá na ọwọ́ jáde láti abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n fún òun ní sípánà tátíìnì. Mo dúró bí òpó. Ohun tó ń pè ní sípánà, kílé la mọ̀ ọ́n sí nílé wa, èdè Faransé la sì fi ń ka nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbé gbogbo àpótí irinṣẹ́ lọ bá a kó mú èyí tó wù ú. Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Kútọnu. Mo ṣàlàyé fún un pé Kútọnu jìnnà sí Kétu, pé èmi ò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ rí láyé mi.

"Ẹ̀yin náà ni," ó ní. "Gbogbo yín, ọ̀nà kan náà lẹ gbà wá."

Ìjókòó mọ́tò la ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wa. À ń rán awọ rẹ̀, à ń pààrọ̀ fóòmù, a sì ń tú réèlì. Réèlì ni irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ ìjókòó, òun ni awakọ̀ fi ń sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Irin òkè wọ inú irin ìsàlẹ̀, bẹ́rínì sì wà láàrin wọn, àwọn ọmọ irin róbótó-róbótó tí wọn ò ju ẹ̀wà lọ. Bí bẹ́rínì bá pé tí gíríìsì sì tutù, ọmọdé á fi ìka kan sún ìjókòó. Bí wọn ò bá pé, ìjókòó á máa mì bí eyín tó fẹ́ yọ, kò sì sí ẹni tó yẹ kó gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ jáde.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ohun tó nira ni ìgbà tí iṣẹ́ bá tán. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn Sábó, àwọn ará ilé náà sì jẹ́ ènìyàn rere. Wọ́n á ní, "Kútọnu, wá jẹ ìkọ́kọrẹ́," wọ́n á bu ún fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kojú sí ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn tí mi ò mọ̀, ìyàwó ta ni, ilẹ̀ ta ni, ta ni ó bá ta ni jà ní ọdún tí wọn ò tíì bí mi. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí èyí tó kàn mí. Èyí ni kò yé àwọn tó bá lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹni tí kò gbọ́ èdè lè sọ pé èdè ni kò jẹ́ kí òun rẹ́ni bá ṣeré. Kí ni èmi fẹ́ sọ?

Ìyá mi kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ bí mo bá pè é. Èkíní, "Ṣé ò ń sinmi?" Màá ní mò ń sinmi, irọ́ ni. Ọjọ́ Àìkú pàápàá, Ọ̀gá máa ń rí awọ tí mo lè gé. Èkejì, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ilẹ̀ bàbá rẹ wà níbí, ó ń hu koríko." Mi ò kọ ilẹ̀ bàbá mi. Ohun tí mo kọ̀ ni kí n padà dé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kí àwọn tí mo fi sílẹ̀ ní abẹ́ igi máa bi mí pé kí ni mo lọ ṣe.

Ọ̀nà àtidá dúró yọ nígbà tí ẹni tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù kejì tí Ọ̀gá ní ní Ìpẹ̀rú kó lọ sí Èkó. Mo bẹ Ọ̀gá pé kó fún mi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ló pè mí.

"Prọ́f kan wà ní Ìkẹ́nnẹ́," ó ní. "Réèlì mọ́tò rẹ̀ há. Ìwọ nìkan ni wàá lọ. Bó bá yìn ọ́, wá mú kọ́kọ́rọ́ Ìpẹ̀rú. Bó bá pè mí láti fi ẹjọ́ sùn, kó ẹrù rẹ. Bọ́dà ò jìnnà."

Mo dé Ìkẹ́nnẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Prọ́f ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Ènìyàn kúkúrú, orí funfun, ohùn tútù. Mọ́tò rẹ̀ ni mi ò rí irú rẹ̀ rí. Irú èyí tí wọ́n fi ń sá eré ni, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, pupa tó ti ń ṣí. Ó lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ ilé náà dúró tì í, ó ń wo òrùlé rẹ̀. Ìgbà tó ń kàwé lókè òkun ló rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Mẹkáníìkì gíga kan ló gbé e jáde kẹ́yìn, ó ti ìjókòó dé ẹ̀yìn pátápátá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbà, ìjókòó náà sì kọ̀, kò padà mọ́.

"Ọjọ́ Àìkú ni ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin," Prọ́f wí. "Láti kékeré ni mo ti ṣèlérí fún un pé mọ́tò yìí ni màá fi gbé e lọ, èmi fúnra mi. Wá wò mí." Ó wọlé, ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá kílọ́ọ̀ṣì, kò bá a. Èmi àti òun jọ rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní, "Kó tó di ìrọ̀lẹ́ o. Sábáàtì là ń pa mọ́ nílé yìí. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lónìí, a ò fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ títí oòrùn ọ̀la á fi wọ̀."

Mo ní, "Á ti parí, sà." Mo rò pé òfin òun àti ìdílé rẹ̀ nìkan ni, pé kò kàn mí.

Iṣẹ́ náà le ju bí mo ṣe rò lọ. Bóòtù mẹ́rin ló di réèlì mọ́ ilẹ̀ mọ́tò. Àwọn ti iwájú wà ní gbangba. Kí èèyàn tó rí ti ẹ̀yìn, ó ní láti sún ìjókòó síwájú, sísún náà gan-an ló sì kọ̀. Mo tú wáyà bátìrì, mo fi jáàkì àti igi gbé mọ́tò náà díẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì fi ọ́ìlì rin àwọn bóòtù ẹ̀yìn láti ìsàlẹ̀. Ìpẹtà já bọ́ sí mi lẹ́nu. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn yí, mo kígbe, Prọ́f náà kígbe láti òkè láìmọ ohun tí mo ń kígbe sí.

A gbé ìjókòó jáde. Mo yọ réèlì kúrò lábẹ́ rẹ̀, mo tẹ ahọ́n irin kékeré tó ń dá a dúró ní ìparí, mo sì fa irin òkè yọ nínú ti ìsàlẹ̀. Gíríìsì àtijọ́ ti gan bí ẹ̀kọ ìjẹta. Láàrin eyín irin tó ń di ìjókòó mú sí ààyè rẹ̀ ni mo ti fa ìdè irun ọmọdé kan jáde, oníke, ó ti ṣẹ́ sí méjì. Prọ́f gbà á, ó wò ó títí. "Ti ọmọ mi ni," ó ní, ó sì jù ú sí àpò.

Gbogbo ilé ń gbá, wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n ń se oúnjẹ. Mo rò pé nítorí ìgbéyàwó ni. Mo ké sí ẹ̀gbọ́n Prọ́f obìnrin, màmá àgbàlagbà kan tó ń ṣàkóso ibẹ̀, pé kí wọ́n bá mi wá abọ́.

"Lèsí ń pè mí?" wọ́n dáhùn láti ilé ìdáná. Lèsí ni wọ́n ń pe ta ni ní Rẹ́mọ. Mo ti mọ èyí nígbà náà, mo ní èmi ni. Wọ́n fún mi ní abọ́ tánganran kan. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo kó gbogbo bẹ́rínì sínú rẹ̀ kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè bọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ìdáná, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ ra gíríìsì ní ìgboro. Ẹni àkọ́kọ́ ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnì kejì kò ní èyí tó dáa. Nígbà tí mo fi máa padà dé, oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Abọ́ mi ń dán lórí pákó, wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Màmá, abọ́ yìí ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ṣé abọ́ ẹlẹ́gbin la máa gbé wọ Sábáàtì ni?"

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Omi dúdú yẹn? Mo dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀."

 Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da omi ìfọṣọ àti omi abọ́ láti àárọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀bà. Mo kúnlẹ̀, mo rí ọ̀kan, mo tún rí ọ̀kan. Orin ti bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀.

"Dìde, ọmọ mi." Prọ́f ló dúró lẹ́yìn mi. "Oòrùn ti wọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, díẹ̀ sí i."

"Ó ti tó."

Inú bí mi. Mo ní, "Sà, èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yín."

"Mo mọ̀. Àlejò tó wà nílé mi, ìsinmi náà kàn án. Bí mo bá ń kọrin nínú ilé, tí ìwọ ń fi ìka wa ilẹ̀ níta nítorí mọ́tò mi, irú ìsinmi wo nìyẹn?"

Wọ́n fún mi ní yàrá àlejò. Mo pe Ọ̀gá, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó pariwo débi tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní, "Gbọ́. Lọ́la wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá ti lọ, wá bẹ́rínì rẹ. Ta ni yóò rí ọ?"

Mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí n má purọ́, mo sùn pẹ̀lú rẹ̀ lọ́kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, gbogbo wọn wọ aṣọ, wọ́n kí mi pé ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì jáde. Màmá fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní oúnjẹ wà nínú kúlà, kí n má fi ebi pa ara mi. Mo gbọ́ tí géètì dún, mo sì lọ tààrà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo dúró létí ibẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó fi mí sílẹ̀ nínú ilé òun rí, èmi nìkan. Ní ibi tí mo ń gbé, wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ìdáná bí wọ́n bá ń jáde, wọ́n á sì ní, "Kútọnu, má bínú o." Mi ò bínú rí. Àmọ́ mo wo kọ́kọ́rọ́ náà, mo wo ilẹ̀ tó rọ̀ yẹn, mo sì mọ̀ pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa ba ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi jẹ́. Mo bú Prọ́f. Mo bú Ọ̀gá. Mo bú ara mi jù. Mo padà lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ ṣe bí kò bá sí iṣẹ́. Mo jẹun, mo tún jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń pe ìyá mi. Màmá gbọ́, wọ́n na ọwọ́.

"Ìyá rẹ nìyẹn? Gbé e wá." Wọ́n gba fóònù. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ. Ọ̀dọ̀ wa ló wà. Ó ti jẹun. Kò ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń sinmi."

Mi ò gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ. Mo rí i tí Màmá ń mi orí, tí wọ́n ń ní, "Hẹ̀n, hẹ̀n, ẹ má sunkún mọ́." Wọ́n pẹ́ lórí fóònù náà. Ọ̀kan ń sọ Kétu, ọ̀kan ń sọ Rẹ́mọ, wọn ò sì ní kí n wá túmọ̀ ohunkóhun. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún mi, káàdì ti tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òjò ṣú, ó sì rọ̀. Òjò gidi ni. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo bí omi ṣe ń ṣàn gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ṣáà mọ̀ pé Ìpẹ̀rú ló ń bá a lọ yẹn. Prọ́f gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Má ro ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó," ó ní. "Mo lè wọ mọ́tò mìíràn."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi. "Sà, kì í ṣe ìgbéyàwó yín ni mò ń rò. Ìpẹ̀rú ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́, bọ́dà tí kò jìnnà.

Kò bẹ̀ mí, kò sì dá mi lẹ́bi.  "Ní òkè òkun, ilé iṣẹ́ kan lé mi nítorí Sátidé," ó ní. "Ìgbà òtútù ni. Mo rìn kiri ìlú, ebi ń pa mí, mo sì ń bi ara mi bóyá mo gọ̀."

"Ṣé ẹ gọ̀, sà?"

"Lọ́jọ́ náà, ó dà bíi pé mo gọ̀." Ó yí ojú sí òjò. "Mi ò lè ṣèlérí pé a máa rí wọn. Àmọ́ gbogbo wa la máa wá wọn."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Òjò dá, oòrùn wọ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín. Mi ò tíì dìde tí Màmá fi ká ìró sókè, wọ́n gbé ajọ̀ tí wọ́n fi ń ku gàrí jáde. Prọ́f bọ́ ẹ̀wù, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó ọ̀la náà kò gbẹ́yìn, lálì tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo tú sípíkà rédíò kan tó ti bàjẹ́, mo yọ òòfà inú rẹ̀, mo so okùn mọ́ ọn, mo ń wọ́ ọ lórí ẹrẹ̀. À ń bu ẹrẹ̀, à ń fi omi ṣàn án nínú ajọ̀. Bí Màmá bá ti rí ọ̀kan, wọ́n á ké, "Mo mú un!" bí ẹni tó mú eku. A ò rí gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ bá omi lọ. Mo kó àwọn tó kù sórí aṣọ, mo pín wọn sí réèlì méjèèjì, mo sì rí i pé wọ́n tó láti gbé ìjókòó náà láìmì.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, mo fi gíríìsì tuntun sí i, mo to bẹ́rínì, mo ti irin òkè wọ ti ìsàlẹ̀, mo sì dè é mọ́ ìjókòó. Nígbà tí a so gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọwọ́ irin iwájú sókè, mo fi ìka sún un. Ó wá. Ó dún kọ́, ó dúró, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Prọ́f wọlé, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi dùn débi tí mo fi rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́.

Ọ̀gá pe Prọ́f lórí fóònù níṣojú mi, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o, sà. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé kò kó ìtìjú bá mi?"

"Bẹ́rínì dànù," Prọ́f wí.

 Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́.

"Ilé mi ló dà á nù, òun ló kó o padà. Ọ̀gá, lánàá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a fi ilé sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé, kí òjò tó rọ̀, mo yọ́ lọ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sí ojú ẹsẹ̀ tuntun kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń wá wà níbẹ̀, kò sì tẹ̀ ẹ́."

 Ọ̀gá mọ ohun tí òun ní kí n ṣe.

"Ṣé ìjókòó náà ń rìn?" ó bèèrè nígbẹ̀yìn.

"Ó ń rìn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé Ṣágámù, ó ju kọ́kọ́rọ́ Ìpẹ̀rú sí mi láìwò mí lójú. Ó ní, "Máa lọ, má jẹ́ kí eruku kún ibẹ̀." Kò pè mí ní Kútọnu lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gbàgbé, ó tún pè mí bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè sọ pé mo ti di ọmọ Rẹ́mọ. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìyàwó ta ni, mi ò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kò sí ẹni tó ń bi mí pé kí ni mò ń wá níbẹ̀.

Mo pe ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún un pé mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń bójú tó, mo sì dúró de ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá mi àti koríko tó ń hù lórí rẹ̀. Mo ti ní èsì lẹ́nu. Kò sọ ọ́.

"Ìpẹ̀rú," ó ní, ó ń kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní orúkọ náà. "Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́dà, ọkọ̀ wo ni mo máa wọ̀?"